Ìpè Ọlọ́run kọjá ọ̀rọ̀ 'tèmi ni kó ṣáà dára'

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí bí inú bá ń dùn. Inú wa dùn pé ilé ìjọsìn pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lajú wò ó dáadáa, ká bi ara wa léèrè pé kí ni gbogbo ìjọsìn wọ̀nyí ń ṣe fún ìlú. Láti Èkó dé Ṣakí, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìkàrẹ́, agbára káká la fi lè rí àdúgbò tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà mìíràn, inú ilé kan ṣoṣo ni ìjọ méjì wà, ọ̀kan nísàlẹ̀, èkejì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Gbohùngbohùn ń ké lọ́sàn-án, ó ń ké lóru. Síbẹ̀, àárín àwa tí à ń kígbe Halelúyà yìí kan náà ni a ti ń rí ẹni tó ń yí òṣùwọ̀n, ẹni tó ń jẹ owó alágbàṣe mọ́nú, àti ẹni tó ń lé opó jáde kúrò nílé kí ogójì ọkọ rẹ̀ tó pé. Ó yẹ kí èyí kọ wá lóminú.

Ẹ wo àwọn ìwé ìpolongo ìsọjí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri àti òpó iná kiri. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ìgbéga mi, ọ̀nà àbáyọ mi, ìkòkò ògo mi, ikú ọ̀tá mi, ìwé ìrìnnà mi sí òkè òkun. 'Èmi' àti 'tèmi' ló kún inú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí èyí tó sọ pé ẹ wá, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún àwọn ọmọ àdúgbò tí kò rówó ilé-ìwé san, tàbí pé ẹ wá, ẹ jẹ́ ká mọ bí a ó ṣe tún kànga ìlú ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ kọ irú rẹ̀, ẹ̀rù á máa bà á pé àwọn ènìyàn ò ní wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn gbàdúrà fún ara rẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àgbẹ̀ tí òjò dá dúró lé lórí, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti jáde ní yunifásítì láti ọdún márùn-ún tí kò ríṣẹ́, ọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ sọ di aláàbọ̀ ara, ta ni wọn yóò ké pè bí kò ṣe Ẹlẹ́dàá wọn? Jésù pàápàá kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti máa tọrọ oúnjẹ òòjọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa dúró sí, tí a sì sọ ọ́ di òpin ìrìn àjò.

Àwọn kan á sọ pé ìjọ tiwọn kì í wàásù owó, pé ìwà mímọ́ ni wọ́n ń wàásù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jáwọ́ nínú ọtí, tó jáwọ́ nínú àgbèrè, tó ń gbààwẹ̀, tó ń ka Bíbélì láràárọ̀, ó ṣe ohun tó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: bí ọkùnrin kan bá jókòó sí abẹ́ igi láti àárọ̀ dé alẹ́, tó ń pọ́n àdá, tí kò bá a dé oko, tí ọ̀la tún mọ́ tó tún ń pọ́n ọn, kí ni ẹ ó pe ẹni bẹ́ẹ̀? Àdá rẹ̀ mú lóòótọ́. Ó ń dán bíi dígí. Ṣùgbọ́n bí àkókò ìkórè bá dé, kí ni yóò kó wálé? Ìwà mímọ́ tí kò ṣe ẹnìkejì láǹfààní, àdá tí a ń pọ́n tí a kò fi ṣán koríko ni. Bákan náà ni àwọn ìwàásù ìgbàlódé tó ń kọ́ wa ní ìgbésẹ̀ méje sí àṣeyọrí. Àdá náà ni wọ́n ṣì ń bá wa pọ́n.

Kí ni Bíbélì fi hàn wá nípa ìpè? Ẹ wo Ábúráhámù. Nígbà tí Ọlọ́run pè é kúrò nílé bàbá rẹ̀, Ó ṣèlérí ìbùkún fún un, ṣùgbọ́n Ó jẹ́ kó yé e pé nípasẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ìdílé ayé yóò fi rí ìbùkún gbà. Ẹ wo Mósè. Ara rẹ̀ ti balẹ̀ ní Mídíánì. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ó ń da àgùntàn àna rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé nítorí ìgbádùn ara rẹ̀ ni ìpè náà, kò bá dúró síbẹ̀. Àwọn ẹrú tó ń ṣe bíríkì lábẹ́ pàṣán ní Íjíbítì ni Ọlọ́run tìtorí wọn pè é. Ẹ wo Ẹ́sítérì tó dé ààfin ọba. Módékáì kò jẹ́ kó rò pé ẹwà àti oríire rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dá lé; ó rán an létí pé bóyá nítorí ìgbà ewu àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ṣe dé orí oyè náà. Jónà ni kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìtàkùn tó ń ṣíji bò ó gbẹ, ó bínú débi pé ó tọrọ ikú, ṣùgbọ́n ìlú ńlá Nínéfè tó kún fún ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kò ká a lára. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ọ̀pọ̀ wa lónìí, ìtàkùn tiwa là ń sunkún lé.

Ìtàn ará Samáríà tún fi hàn kedere. Àwọn ọlọ́ṣà na ọkùnrin kan sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà Jẹ́ríkò. Àlùfáà kọjá, ọmọ Léfì kọjá. Àwọn méjèèjì mọ òfin Ọlọ́run lórí. Ẹni tí kì í ṣe ìran wọn, tí wọn ò kà sí ènìyàn gidi, ló dúró, tó fi òróró àti wáìnì tirẹ̀ tọ́jú ọgbẹ́, tó gbé e sórí ẹran tirẹ̀, tó sì san owó ilé àlejò. Jésù kò sọ fún wa bóyá ará Samáríà yẹn di olówó lẹ́yìn ìyẹn. Kò sọ pé ìlẹ̀kùn kan ṣí fún un. Ohun tí à ń bèèrè lónìí bí wọ́n bá ní ká ṣoore, ìyẹn 'kí ló máa tibẹ̀ jáde fún mi?', kò sí nínú ìtàn náà rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ìtàn ayé àtijọ́ ni gbogbo ìyẹn, ilé wa níbí náà ni àpẹẹrẹ wà. Ọmọ Òṣogùn kan wà tó ń jẹ́ Àjàyí. Lọ́dún 1821, nígbà tó jẹ́ ọmọ bí ọdún méjìlá, ogun kó ìlú rẹ̀, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí wọ́n fi gbé e wọ ọkọ̀ òkun àwọn Potogí l'Ékòó lọ́dún 1822. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọkọ̀ náà, tí wọ́n kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ó ṣèrìbọmi lọ́dún 1825, ó gba orúkọ Samuel Crowther, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay lọ́dún 1827.

Bí ọ̀rọ̀ Àjàyí bá jẹ́ ti àwọn ìsọjí wa, ibẹ̀ ni ẹ̀rí náà ì bá parí sí. Ẹrú di òmìnira, ẹrú di olùkọ́, ó níyàwó, ó bímọ, ó ń wọ kóòtù. Ẹ bá mi dúpẹ́! Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Lọ́dún 1841, ó bá wọn wọ ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya, ìrìn àjò tí ibà ti pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó lọ. Wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1843. Dípò kó dúró sí Sàró níbi tí ara ti rọ̀ ọ́, ó padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti tà á, ó sì dé Abẹ́òkúta lọ́dún 1846. Ọdún yẹn náà ló rí ìyá rẹ̀, Àfálà, lẹ́yìn bí ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n tí wọ́n ti ya ara wọn.

Òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bíi Thomas King ló jókòó ti iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ìwé Róòmù jáde lọ́dún 1850, odindi Bíbélì kò sì parí títí di ọdún 1884. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Èdè tí mo fi ń kọ èyí, tí ẹ fi ń kà á, a jẹ òógùn wọn. Kò sì dúró lórí àwọn ènìyàn tirẹ̀ nìkan. Ó ṣe ìwé nípa èdè Ìgbò àti Núpé, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ìgbò, kì í ṣe ọmọ Núpé. Lọ́dún 1864, wọ́n fi í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Ṣé ìgbẹ̀yìn rẹ̀ wá tutù bí omi? Rárá o. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́mọdé òyìnbó oníṣẹ́ ìhìnrere dé, wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró níṣojú rẹ̀, wọ́n ń rí i fín. Ìbànújẹ́ ńlá ló jẹ́ fún arúgbó náà. Ó kú l'Ékòó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891. Bó bá jẹ́ pé ìrọ̀rùn àti ìgbéga la fi ń díwọ̀n ìpè Ọlọ́run, àwọn kan ì bá sọ pé Àjàyí kùnà. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó lè sọ bẹ́ẹ̀ tó bá ti la Bíbélì rẹ̀ lówùúrọ̀?

Lẹ́yìn Àjàyí, ẹ wo Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì, nígbà tó gbọ́ ìpè lọ́dún 1928. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ríṣẹ́ owó oṣù lọ́dọ̀ òyìnbó, ẹ mọ̀ pé ènìyàn pàtàkì ni. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí ìsọjí Òkè-Òoyè bẹ́ sílẹ̀ n'Iléṣà lọ́dún 1930, ẹgbàágbèje àwọn aláìsàn àti ẹni ìnira ló wọ́ tọ̀ ọ́. Lọ́dún 1932, wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà di olówó nìyẹn.

Ìpè kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà. Nígbà tí àwọn kan yà kúrò nínú ìjọ St. Paul's ní Breadfruit, l'Ékòó, tí wọ́n dá African Church sílẹ̀ lọ́dún 1901, Jacob Kẹ́hìndé Coker wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Kì í ṣe àlùfáà, àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbin kòkó sí agbègbè Àgége. Wọ́n jèrè níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò jiyàn. Ṣùgbọ́n wọn ò fi ìmọ̀ náà pamọ́. Àwọn tó wá ṣe lébìrà lóko wọn kó irúgbìn àti ọgbọ́n bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ padà sí ìlú wọn. Bí wọ́n ti ń gbé ìhìnrere wọ ìgbèríko, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé kòkó lọ. Ẹ̀yin àgbà tí owó kòkó rán níwèé, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìlera. Ọdún 1895 ni àwọn Fadá ìjọ Àgùdà bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwòsàn Sacred Heart ní Lántòrò, l'Abẹ́òkúta. Ọdún 1907 ni Dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dé sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley, lábẹ́ ilé-ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì n'Iléṣà, fi Ìmẹ̀sí-Ilé ṣe ibùdó. Ó rí i pé àìjẹun kánú àti èéyi ń pa àwọn ọmọdé bí ẹni ń pa ẹran. Kò retí ẹ̀rọ ńlá kankan. Káàdì ló fi ń kọ bí ọmọ ti ń wúwo sí, ó sì fi káàdì náà sọ́wọ́ ìyá ọmọ kó lè máa gbé e lọ sílé, kó lè tètè mọ̀ bí ọmọ bá ti ń rù kí àìsàn tó dá a gúnlẹ̀. Irú káàdì yẹn ti di ohun tí wọ́n ń lò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ lágbàáyé. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni o, ìlú kékeré tó wà láàárín òkè.

Ẹ jẹ́ ká wá fi wé ti ìsinsìnyí. Láti ọdún 1999 tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aládàáni níwèé àṣẹ láti dá yunifásítì sílẹ̀, ìjọ lóríṣiríṣi ti dá tiwọn. Iṣẹ́ ńlá ni, a kì í sì í rí igi ká pè é ní kùmọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá oníyanrìn àti bàbá oníkòkó tó dáwó láti fi kọ́ ọ ńkọ́? Mélòó nínú wọn ló lè rán ọmọ lọ síbẹ̀? Bí ọmọ ẹni tó gbé bíríkì bá ń wo ilé náà láti òde, ó yẹ kí àwọn aṣíwájú ìjọ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, kí wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún ọmọ aláìní, kó má kàn jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé, "Ìwọ akọ̀wé yìí, àwa ò lówó ilé-ìwòsàn, a ò mọ̀wé tí a ó fi túmọ̀ Bíbélì. Arúgbó lásán ni wá ní abúlé, kí ni ìpè tiwa?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, òun ló sì jẹ mí lógún jù lọ, nítorí pé ní abúlé ni a ti ń tètè rí ìgbàgbọ́ ẹni lójú. Ní ìlú ńlá, ènìyàn lè fara pamọ́. Ní abúlé, gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tó jẹ́.

Ìpè ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni kí òṣùwọ̀n rẹ̀ pé. Bó bá yí òṣùwọ̀n láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó wá san ìdámẹ́wàá lọ́jọ́ Ìsinmi, owó àgbẹ̀ ló gbé síwájú Ọlọ́run, kì í ṣe tirẹ̀. Ìpè ìyá oníganrí ni kó má lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú. Ìpè olóko ni kó san owó alágbàṣe lọ́jọ́ tó dá fún un, kó má máa sọ fún ọmọ ọlọ́mọ tó wá láti ọ̀nà jíjìn pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìpè tíṣà ni kó dé kíláàsì. Ìpè nọ́ọ̀sì ni kó fi ẹnu rere gba aláboyún tó dé lóru. Ìpè ẹni tó mọ ààlà ilẹ̀ ni kó sọ òtítọ́ ní kóòtù, kódà bó bá jẹ́ pé ọmọ ìyá rẹ̀ ló jẹ̀bi. Ìpè olórí ẹbí tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ni kó dìde dúró nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pín ogún olóògbé láìro ti opó àti àwọn ọmọ rẹ̀, kó ní, "Níṣojú mi kọ́."

Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó ń fẹ́ owó púpọ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí a pàdánù díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀, nítorí pé a ti kọ́ ara wa pé ẹni tó bá bá Ọlọ́run rìn kì í pàdánù. Ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ pé á rí i pé ẹlòmíràn ń lówó jù ú lọ. Ẹni tó sọ òtítọ́ ní kóòtù lè di ọ̀tá ẹbí. Àgbélébùú tí Jésù ní ká gbé, nǹkan tó ń wúwo léjìká ni, kì í ṣe ẹ̀gbà ọrùn.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà kánjú ni pé àwọn ọmọ wa ń wò wá. Púpọ̀ nínú wọn kò bá wa jiyàn mọ́, wọ́n kàn ń fẹsẹ̀ fẹ́ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọmọ tó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń gbàdúrà lóhùn rara lówùúrọ̀, tó sì rí i tó ń rẹ́ aláìní jẹ lọ́sàn-án, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wàásù àìgbàgbọ́ fún un. Bàbá rẹ̀ ti wàásù náà tán.

Nítorí náà, mo rọ ìjọ kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn tó wà ní ìgbèríko, pé nígbà tí ẹ bá tún ṣèpàdé lórí ìkórè ọdún yìí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ tán, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: bí wọ́n bá palẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́ lọ́la, ta ni yóò sunkún ní ìlú yìí yàtọ̀ sí àwa ọmọ ìjọ? Ṣé opó ojúlé kejì yóò sunkún? Ṣé Mùsùlùmí àdúgbò yóò sọ pé àwọn ènìyàn dáadáa ti lọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ mú iṣẹ́ kan, kó tilẹ̀ kéré: ọmọ aláìní kan tí ẹ ó san owó ìdánwò rẹ̀, kànga kan tí ẹ ó gbẹ́, arúgbó kan tí kò ní ẹni tí yóò bá a pọnmi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

A ti pọ́n àdá náà tó. Ó ti mú. Oko ló kù, koríko sì ti ń kún un lọ.